Òjò Ni Yóò Jẹ́rìí sí Pọ́líìṣì

Kì í pẹ́ kí pọ́líìṣì ọkọ̀ mìíràn tó tún dé. Ẹni tó ń ta pọ́líìṣì ọkọ̀ yóò gbé ìgò tuntun wá sí agbègbè Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, yóò wá ọkọ̀ dúdú kan tí eruku ti bò, yóò sì bẹ onímọ́tò pé kó yọ̀ǹda bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Yóò da díẹ̀ sórí fóòmù, yóò fi yípo yípo, yóò fi aṣọ nù ún. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé yóò máa kọ mànà. Ibi tí kò dé yóò wá dọ̀tí ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ lójú gbogbo èrò. Àwọn tó wá ra ẹ̀lùbọ́ yóò dúró wòran, ọlọ́kadà yóò yà, awakọ̀ Micra tó ń wá èrò yóò gbàgbé èrò. Kí oòrùn tó wọ̀, ìgò ti tán nínú páálí.

N kì í bá a jà. Ọjà ló wá tà, ọjà sì ní òfin tirẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Pijó 504 ṣì jẹ́ ọkọ̀ ọlọ́lá nílùú Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kun ọkọ̀ tí mo sì ń dán an, ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí kò sì jẹ́ kí n lè bá èrò pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ tí a fi pọ́líìṣì sára ọkọ̀ kọ́ là ń mọ irú èyí tó jẹ́. Ibi tí ojú èrò kò tó ló yẹ ká ti kọ́kọ́ lò ó, òjò ló sì yẹ ká jẹ́ kó jẹ́rìí sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó lọ jókòó ti àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ níbí. Èèpo igbá kò nípọn. Ọ̀bẹ ní láti wọlé tó kí ọnà tó hàn, àmọ́ bó bá wọlé jù, igbá lu, kò sì sí ohun tí a lè fi dí i tí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ yóò fi gbà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀dà ara ọkọ̀ rí. Gbogbo ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ fi sára ọkọ̀ tuntun, láti ìpìlẹ̀ dé òkè, kì í sábà ju 0.15 mìlímítà lọ. Nínú rẹ̀, ìpele tó mọ́ gaara lókè pátápátá, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní kílíà, kò sábà kọjá 0.05 mìlímítà. Òun ló ń gba oòrùn, òun ló ń gba òjò, òun náà sì ni pọ́líìṣì ń jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé pọ́líìṣì máa ń dí ojú ibi tó ha ni. Rárá o. Ńṣe ló ń fá ẹ̀gbẹ́ ibi tó ha náà títí tí gbogbo ojú ọ̀dà yóò fi tẹ́jú, tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa ta padà lọ́nà kan náà. Ohun tí a fá kúrò, kò ní padà mọ́.

Nígbà tí a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, àkísà ni ẹlẹ́rìí wa. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó pọ̀ ní Kàdúná, ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Volkswagen ní Èkó, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ méjèèjì yìí ló sì kún títì wa fún ìgbà pípẹ́. Lára púpọ̀ nínú wọn, ọ̀dà aláwọ̀ fúnra rẹ̀ ló wà lókè, kò sí kílíà tó bò ó. Bí oòrùn bá ti pá a fún ọdún mélòó kan, pupa á di ràkòràkò, búlúù á máa yọ ẹfun. Tí a bá fi pọ́líìṣì pa á, àwọ̀ náà yóò jí, àkísà ọwọ́ wa yóò sì pọ́n tàbí kó di búlúù. Ọ̀gá wa kì í wo ọkọ̀ kó tó wo àkísà. Bí àkísà bá ti ń pọ́n jù, yóò ní ká dáwọ́ dúró, kódà bí onímọ́tò bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kó dán sí i.

Olùkọ́ àgbà kan wà nígbà náà tó ní Volkswagen Ìjàpá aláwọ̀ ewé. Lẹ́yìn ọyẹ́ ló máa ń mú un wá lọ́dọọdún. Bí a bá parí, kò ní kọ́kọ́ wo ọkọ̀. Yóò ní ká kó àkísà wá, yóò tẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò wò bí wọ́n ṣe ní àwọ̀ tó. Lọ́dún kan ó mi orí, ó ní, "Ẹ ti jẹ púpọ̀ lára rẹ̀ lọ́dún yìí o. Lámọ́dún, ẹ kàn fọ̀ ọ́ fún mi." Oníbàárà ìgbà yẹn mọ̀ pé dídán ní iye tó ń ná ọkọ̀, yàtọ̀ sí iye tó ń ná òun. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí i lára aṣọ.

Lónìí, àkísà ti yadi. Láti ìgbà tí ọkọ̀ oníkílíà ti gba ìgboro, ohun tí à ń fá kúrò kò ní àwọ̀ mọ́. Ẹ lè fi ẹ̀rọ pọ́líìṣì yí orí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀ dọ̀sán, kí aṣọ yín funfun báláú, kí onímọ́tò máa yọ̀, kí ẹ̀yin náà máa rò pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ tí àwọ̀ bá wá yọ lára aṣọ, kílíà ti tán níbẹ̀ nìyẹn, kíkùn ló kù. Igun ilẹ̀kùn àti etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló máa ń kọ́kọ́ lu, torí ibẹ̀ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rọ ti máa ń gbóná jù. Nígbà tí mo bá ń ronú nípa ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ wa, èmi kì í kọ́kọ́ ka ẹ̀rọ, n kì í ka ìgò olówó iyebíye. Èyí ni mo máa ń kà: ohun tó ń sọ fún wa pé ó tó, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rí-ọkàn oníṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ sọ ohun tí àkísà ń sọ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀rí-ọkàn náà kò bá sí, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ títí di ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí kílíà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó lórí rúùfù, tí onímọ́tò yóò sì máa bú oòrùn.

Ìdí nìyí tí ojú ẹsẹ̀ kò fi tó láti dá pọ́líìṣì tuntun lẹ́jọ́. Púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú ìgò yẹn, òróró ni, tó ń wọ inú ibi tó ha, tó sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Kò fá a, kò sì wò ó sàn. Ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì péré, gbogbo ìlà tó sá pamọ́ yóò jáde padà. Àwa tó ti pẹ́ máa ń fi sípírítì nu ojú ibẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀. Ohun tí sípírítì bá nù lọ, kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìda tún wà, tí òun kì í fá nǹkan kan, tó kàn ń bo ojú ọ̀dà. Èyí tí ayé mọ̀ jù ni ìda carnauba, tí wọ́n ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Bùràsíìlì, ó sì le débi pé ooru gbọ́dọ̀ kọjá 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó yọ́. Ìpolówó ohun tó ń mú ọkọ̀ dán kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Simoniz ti ń ta tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1910. Ohun tó burú lọ́jà wa ni pé orúkọ kan náà, pọ́líìṣì, ni wọ́n fi ń ta èyí tó ń jẹ ọ̀dà, èyí tó ń bò ó àti èyí tó kàn ń tan ojú. Ẹni tó fẹ́ bò, ó ra èyí tó ń jẹ. Ẹni tó ti jẹ tán, ó tún padà wá jẹ sí i.

Àwọn pílásítíìkì dúdú ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti máa ń tètè mọ olóòótọ́. Bọ́ńpà Pijó àtijọ́, irin ni. Brasso àti sùúrù ti tó o. Bọ́ńpà òde òní, pílásítíìkì ni, bí wọn kò bá kùn ún, oòrùn yóò sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú, pẹ̀lú etí wíńdò, ìdí díńgí àti ibi tí ọwọ́ wáípà ti jáde. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀ tí a ó fá. Ohun yòówù tí a bá fi pa á, òun nìkan ló dá dúró níwájú oòrùn àti òjò, kò lè fara pamọ́ sẹ́yìn iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí pọ́líìṣì funfun bá kàn án, yóò gbẹ sínú ojú rẹ̀ tó rí wínníwínní, yóò sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ pípẹ́. Mo rí awakọ̀ tó ń fi dísẹ́ẹ̀lì pa bọ́ńpà rẹ̀ ní ìdájí kó tó lọ gbèrò. Títí di ọ̀sán, ó dúdú kirikiri. Bí òjò bá ti kan án, yóò ṣàn wálẹ̀ sára ilẹ̀kùn ní ìlà ìlà, eruku yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó burú jù ni rọ́bà etí ilẹ̀kùn: epo bẹntiróòlù àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ máa ń mú rọ́bà wú, á rọ̀, kò sì ní lè dí omi mọ́. Mo sọ fún awakọ̀ kan pé omi tó ń jò sẹ́sẹ̀ èrò rẹ̀ lẹ́yìn, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pè é. Kò gbà mí gbọ́ títí tí a fi yọ rọ́bà náà tí a sì tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀.

Àwa akunkọ̀ tún ní ẹ̀rù tiwa tí onímọ́tò kò mọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ń pa pílásítíìkì ló ní sílíkóònù nínú. Ó ń dán lóòótọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá gbé ìyà bọ̀ látọ̀dọ̀ tírélà, tí a fẹ́ kun ilẹ̀kùn rẹ̀, ọ̀dà tuntun yóò máa sá fún ibi tí sílíkóònù bá wà, yóò dá ihò róbótó róbótó. A ó fọ̀ ọ́, a ó fín in, a ó tún un kùn, ihò yóò tún yọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó ń ta ìgò ti lọ sí ìlú mìíràn nígbà náà.

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ mi ní apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú máńgòrò ni, ibòji igi náà sì dùn láti gbé ọkọ̀ sí. Ṣùgbọ́n oje máńgòrò a máa jó ọ̀dà, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti àdán tó wá jẹ èso náà sì ní oró tirẹ̀. Ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ dúdú dáadáa wá láti ibẹ̀. Ó ti lo ìgò kan, ó ti lo òmíràn, àpá oje náà kò lọ tán lórí búùtù. Ó fẹ́ kí n fi ẹ̀rọ lé e títí yóò fi lọ. Mo fọwọ́ ra ojú ibẹ̀, mo wò ó láti ẹ̀gbẹ́ nínú oòrùn, mo rí i pé oje náà ti wọlé jìnnà, ohun tó kù lókè kò sì tó ohun tí à ń lé. Mo ní kó jẹ́ kí àpá náà kù díẹ̀. Inú bí i; ó ní ṣé owó ni mo rò pé òun kò ní ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ọkọ̀ tó bá ti rìn ní títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, títì tí lílà rẹ̀ ti gba ọdún gorí ọdún, níbi tí eruku pupa àti òkúta abẹ́ tírélà kì í ti í sinmi, kò lè rí bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Kí ó mọ́, kí ó dán níwọ̀nba, kí ọ̀dà rẹ̀ lè bá olówó rẹ̀ dalẹ́, ohun tí iṣẹ́ wa lè ṣèlérí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí mo ti ń gbé kiri nínú ọkàn mi láti ọdún 2020. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún náà, iná jó Ọjà Akẹ̀sán. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún un kọ́ nígbà tó yá, àmọ́ ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé iná náà, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò ní ohun mìíràn tó lè di owó ju ọkọ̀ ilé wọn lọ. Wọ́n ń mú un wá kí a dán an kí wọ́n tó tà á. Ìgbà yẹn ni mo rí i kedere pé ọkọ̀ tí a ń dán kí a lè tọ́jú rẹ̀ àti èyí tí a ń dán kí a lè tà á, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgò kan náà là ń lò. Ẹnì kan ní kí n fi òróró bo ilẹ̀kùn tí wọ́n ti fi bọ́dífílà dí, kí ẹni tó fẹ́ rà á má baà rí i pé ọ̀dà rẹ̀ kò bá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mu. Àánú rẹ̀ ṣe mí, torí mo mọ ohun tó jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. N kò ṣe é. Ìyá kan tó ń ta aṣọ náà mú Corolla wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Ó ní, "Ẹ bá mi mú un dán, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má bá mi fi nǹkan pa mọ́. Ẹni tó máa rà á náà, ọwọ́ ọ̀fọ̀ ló ti ń bọ̀." Mo fọ̀ ọ́, mo fi ìda pa á, mo jẹ́ kí gbogbo ibi tó ti gbá ògiri hàn. Ó tà. Mo gbà pé owó tí ó gbà kéré sí ohun tí ìbá gbà, n kò sì lè sọ pé òótọ́ rẹ̀ san án lówó. Àmọ́ bí ọmọ-iṣẹ́ bá bi mí pé kí ni ààlà iṣẹ́ wa, ọkọ̀ ìyá yẹn ni mo máa ń tọ́ka sí. Èyí ṣe pàtàkì lórílẹ̀-èdè tí Tòkunbọ̀ kún, níbi tó jẹ́ pé kí ìjọba tó fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù Kìíní ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó gba Kútọnu wá ni wọ́n ti dán fún títà kí a tó fojú kàn án.

Àwọn ọ̀dọ́ ti wá gba iṣẹ́ yìí báyìí, inú mi sì dùn sí wọn ju bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe rò lọ. Wọ́n ń wo fídíò láti Amẹ́ríkà àti ìlú Ọba, wọ́n ń fi téèpù lẹ etí pílásítíìkì kí pọ́líìṣì má baà kàn án, wọ́n ń lo korobá méjì láti fi fọ ọkọ̀, kí iyanrìn tó jáde lára rẹ̀ má tún padà síbẹ̀. Àwa kò ṣe èyí nígbà tiwa, ó sì yẹ ká ti ṣe é. Àwọn mìíràn ti ra ohun èlò tó ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó. Bóyá òun ni yóò wá dípò àkísà. Síbẹ̀, bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwọn tó ṣe séràmíìkì tuntun, ohun olómi tó ń le gbagidi sórí kílíà, mọ òjò dídì àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì lọ́dọ̀ wọn. Ọyẹ́ wa ńkọ́? Eruku tó ń ti aginjù Sàhárà wá, tó kúnná, tó sì le, tí awakọ̀ ń fi aṣọ gbígbẹ nù kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní gbogbo òwúrọ̀, ọ̀nà tó yá jù láti ha ọkọ̀ nìyẹn, kò sì sí ìgò tó lè gbà wá lọ́wọ́ aṣọ gbígbẹ. Àwọn ọ̀dọ́ náà á ní, ẹ wò ó bí omi ṣe ń ká jọ lórí séràmíìkì, tó ń yí bọ́ọ́lọ́. Ó dára. Àmọ́ omi kànga wa ní èròjà ilẹ̀ nínú. Bí ẹ̀kán omi yẹn bá gbẹ nínú oòrùn ọ̀sán, yóò fi òrùka funfun sílẹ̀, òrùka náà a sì máa jẹ wọlé.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tó ti ń dá ṣe tirẹ̀ báyìí, gbé ìgò kan wá. Ó ní ti ọ̀dà ni, ti pílásítíìkì náà sì ni, ó sì fẹ́ kí n bá òun sọ fún àwọn oníbàárà pé ó dára. Ó dán lóòótọ́. Mo fi pa ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ tèmi, mo lẹ téèpù sáàárín, kí ìdajì wà láìpa; mo fi pa apá kan bọ́ńpà tó ti di eérú, mo sì fi apá kejì sílẹ̀. Ó tún padà wá kí oṣù tó parí, ó ní ṣé mo ti rí i. Mo ní mo rí i, ṣùgbọ́n ìgbà ara là ń búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Òjò kò tíì kan án. Inú rẹ̀ kò dùn, torí àwọn oníbàárà ń béèrè, ẹlòmíràn sì ti ń tà á fún wọn.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ báyìí. Lórí bọ́ńpà, apá tí mo pa ti ń padà di eérú láti òkè wá, ó sì ti ṣàn díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ṣì ń yí omi dànù dáadáa. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ti fi sípírítì nù ún, kò lọ. Mo ti sọ èyí fún un: kó tà á fún ọ̀dà, kó má tà á fún pílásítíìkì, kó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á kó tó gbowó. Ó ní orí páálí kọ ọ́ pé ó wà fún méjèèjì. Mo ní kó wá fi ojú ara rẹ̀ wo bọ́ńpà mi, kó mú àwọn oníbàárà rẹ̀ dání. Ọkọ̀ náà wà níwájú ìsọ̀, téèpù ṣì wà lára rẹ̀, n kò sì ní yọ ọ́ títí òjò ọdún yìí yóò fi dá.